Pátákó Pupa tí Ọ̀gá Sẹ́

Ọkọ̀ méjì ló kọlu ara wọn. Awakọ̀ méjì ló wà nínú wọn. Ọ̀gá kan ṣoṣo ló ni ọkọ̀ méjèèjì. Ẹni tí wọ́n wá di ẹ̀bi rẹ̀ rù kò sí nínú ọkọ̀ kankan. Orí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kúkúrú, pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́.

Ìyá Onípátákó ni gbogbo gáráàjì ń pè é.

Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé, kò rọrùn láti ṣe. Ọkọ̀ eré ìje máa ń pariwo débi pé èèyàn kò ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Awakọ̀ á dé akoto, á so ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó, ojú rẹ̀ á wà níwájú. Àwọn ẹgbẹ́ olówó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá awakọ̀ wọn sọ̀rọ̀ nínú akoto. Ẹgbẹ́ ti Ọ̀gá náà ní ẹ̀rọ. Èyí tó ń ta pàrà pàrà bí ẹni ń din nǹkan. Nítorí náà, pátákó. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá yípo pápá tán, tó sì ń bọ̀ wá kọjá níwájú gáráàjì, Ìyá Onípátákó á na pátákó dúdú sókè lórí ògiri. Nọ́ńbà funfun á wà lára rẹ̀: ipò tí awakọ̀ wà, bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣe jìnnà tó, ìyípo tó kù. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ọkọ̀ ti kọjá. Ohun tí awakọ̀ bá rí ló rí.

Pátákó dúdú fún ìròyìn. Pátákó pupa fún àṣẹ.

Wọn kò kọ nǹkan kan sára ti pupa. Pupa lásán ni, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń pè é ní Pupa bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ ìyá wọn. Bí Pupa bá ti yọ, ìjà parí láàárín awakọ̀ méjèèjì. Ẹni tó wà níwájú á wà níwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn á wà lẹ́yìn, kí ọkọ̀ méjèèjì lè délé láìfarapa. Awakọ̀ tó bá ti rí i á na ìka kan sókè láti orí sítíárì.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè pe Pupa jáde. Ọ̀gá. Kì í sì í fi ẹnu pè é, nítorí ariwo. Á wá dúró lẹ́yìn obìnrin náà, á fi ọwọ́ gbá a léjìká lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ́, pẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn látìgbà tí ẹgbẹ́ ti wà. Kò sí ìwé. Kò sí ẹlẹ́rìí. Ọwọ́ ọ̀gá àti èjìká òṣìṣẹ́.

Kò sẹ́ni tó rò ó rí pé ọwọ́ lè purọ́.

*

Kó tó di onípátákó, ilé ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì, tó tutù, tó wúwo bí ọmọ tó ti sùn lọ. Ibẹ̀ ni apá rẹ̀ ti le. Ọkọ rẹ̀ ló ń pààrọ̀ táyà fún ẹgbẹ́ Ọ̀gá nígbà náà. Bàbá Onítáyà ni wọ́n ṣì ń pè é títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ti dá a jókòó, tí kò lè gbé ohun tó wúwo ju ife omi lọ. Lọ́jọ́ kan tí ẹni tó ń gbé pátákó kò wá, obìnrin náà gbé oúnjẹ wá fún ọkọ rẹ̀. Ọ̀gá wo apá rẹ̀.

"Ìyàwó Onítáyà, ṣé wàá lè na èyí sókè, kó má gbọ̀n?"

Ó nà án. Kò gbọ̀n. Títí eré ìje fi parí. Ilé ìfọṣọ kò rí i mọ́.

Àwọn mẹkáníìkì á ṣì máa mu tíì, òun á ti wà lórí pátákó pẹ̀lú aṣọ tútù àti ọṣẹ. Á nu nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Á wá ní kí ẹnì kan gbé pátákó dúró lẹ́bàá ògiri, òun á sì rìn lọ sórí títì, síbi tí awakọ̀ á ti kọ́kọ́ rí i, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè wà níbi tí ojú awakọ̀ máa ń wà. Bí oòrùn bá ta sí i, á ní kí wọ́n yí i síbí, kí wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Àwọn ọ̀dọ́ mẹkáníìkì á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ wakọ̀ ni?"

"Bí mo bá wà á, ẹ̀yin lẹ máa tì í délé."

Èjìká rẹ̀ kan wá ga ju èkejì lọ. Bàbá Onítáyà ní bó bá dúró, ó dà bí ẹni tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. "Bẹ́ẹ̀, o ò béèrè nǹkan kan rí," ni ọkùnrin náà máa ń fi kún un. "Owó oṣù tí wọn ò fi kún láti ọdún gbọọrọ yìí wá, o ò béèrè ẹ̀."

Kò béèrè. Ohun kan ló mọ̀ pé òun ní: bí òun bá na pátákó, awakọ̀ á gbà á gbọ́. Ọkùnrin tó ń sáré bí ọta ìbọn á wo obìnrin kan lẹ́bàá ògiri, á sì ṣe ohun tí ó sọ. Mélòó nínú àwa tá a ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ló ní irú rẹ̀?

*

Awakọ̀ méjì ni Ọ̀gá ní.

Àkọ́kọ́ ni Abẹ́rẹ́. Ọkọ̀ ló ń fọ̀ nínú gáráàjì náà kí wọ́n tó jẹ́ kó wà á. Wọ́n sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé ibi tí òwú kò lè gbà, ó máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Èkejì ni Àna Ọ̀gá, tó fẹ́ àkọ́bí Ọ̀gá lóbìnrin. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ ọkọ̀ wà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n wà ni, ọ̀rọ̀ ì bá dẹ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n wà, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń wà, ẹ́ńjìnnì kan náà, ọ̀dà kan náà lára rẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn èkejì kò ní àwáwí kankan. Wọn kì í kí ara wọn. Abẹ́rẹ́ á gba ilẹ̀kùn òsì wọ gáráàjì, Àna Ọ̀gá á gba ti ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá ń rẹ́rìn-ín, èkejì á rò pé òun ni wọ́n ń rín.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, Abẹ́rẹ́ ló wà níwájú gbogbo pápá, Àna Ọ̀gá tẹ̀ lé e. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù wà lẹ́yìn réré. Bí wọ́n bá rọra wá sílé báyìí, ipò kìíní àti ìkejì di ti Ọ̀gá. Ẹ̀rín ti gba ojú Ọ̀gá. Ó wá dúró lẹ́yìn Ìyá Onípátákó.

Pẹ́, pẹ́.

Obìnrin náà gbé pátákó dúdú kalẹ̀. Ó na Pupa sókè.

Abẹ́rẹ́ kọjá. Ìka rẹ̀ yọ. Àna Ọ̀gá kọjá. Ìka kankan kò yọ. Wọ́n yípo, wọ́n tún ń bọ̀. Ó tún nà án, ó na apá rẹ̀ débi tó gùn dé. Abẹ́rẹ́, ìka. Àna Ọ̀gá, òfo.

Ní kọ́nà tó wà lẹ́yìn ìjókòó àwọn òǹwòran, Abẹ́rẹ́ dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Kí ló máa sáré fún? Pupa ti jáde. Àna Ọ̀gá kò dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ó kó orí ọkọ̀ rẹ̀ bọ àárín Abẹ́rẹ́ àti etí títì, níbi tí ààyè kò sí. Táyà fara kan táyà. Ọkọ̀ Abẹ́rẹ́ fò sókè, ó yí lójú òfuurufú, ó kọlu irin ìdábùú. Ti Àna Ọ̀gá wọ inú yanrìn lọ, ó rì síbẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn tí kò retí nǹkan kan gba ipò kìíní, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ.

Wọ́n fa Abẹ́rẹ́ jáde. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti kán. Àna Ọ̀gá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, ó sì kọ́kọ́ yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò kó tó wo ẹnikẹ́ni.

Pupa ṣì wà lókè. Obìnrin náà kò rántí gbé e wálẹ̀. Sípánà, olórí àwọn mẹkáníìkì, ló wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

*

Ilé ìdáná ni Ìyá Onípátákó wà nígbà tí rédíò sọ ọ́. Ó ń gé àlùbọ́sà. Bàbá Onítáyà wà lórí àga rẹ̀ nínú pálọ̀, ó gbé rédíò sórí itan.

Rédíò ní ẹgbẹ́ náà ti ṣàlàyé. Ó ní àṣìṣe ló wá láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Pátákó tó yẹ kó jáde kò jáde.

"Òṣìṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì wo?" ni Bàbá Onítáyà wí. "Ṣé wọ́n ti gba ẹlòmíì ni?"

Obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Èmi ni wọ́n ń sọ."

"O gbàgbé ni?"

"Bàbá Onítáyà!"

"Mo béèrè ni o. Má fi ọ̀bẹ yẹn na mí."

Ọjọ́ kejì, Ọ̀gá wá fúnra rẹ̀. Kò wá sílé wọn rí, kódà nígbà tí ẹ̀yìn Bàbá Onítáyà kọ́kọ́ mú un. Ó wọlé, ó yẹ pálọ̀ wò, ó sì jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù. Àga Bàbá Onítáyà. Bàbá Onítáyà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti kí i, wá dúró, ó di ògiri mú.

"Ìyá, ẹ mọ̀ pé ẹbí ni wá," ni Ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ lórí rédíò."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí eré ìje fẹ́ pe gbogbo wọn. Bí ìgbìmọ̀ bá gbọ́ pé Pupa jáde tí Àna rú u, wọ́n á gba láísẹ́ńsì ọmọ náà. Àwọn tó ń fi owó ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ á sá. Ṣùgbọ́n bí Pupa kò bá jáde, àwọn méjèèjì kàn ń bá ara wọn díje ni, nǹkan sì ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi.

"Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi," ni obìnrin náà wí, "àfi èmi."

"Tiyín kì í ṣe ẹ̀bi. Àṣìṣe ni. Ẹ kàn máa sọ pé ó fò yín. Ẹ ti ń dàgbà, wọ́n á gbọ́ ọ yé."

"Ọ̀gá, ta ló gbá mi léjìká?"

Ọ̀gá wo fọ́tò ara ògiri. Ó wo fèrèsé.

"Èjìká yín ni, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ lè mọ ohun tó kàn án."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ọkùnrin tó ti ń gbá obìnrin yìí léjìká láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Nínú òjò. Nínú oòrùn tó ń bó awọ imú. Èjìká tí iṣẹ́ rẹ̀ ti mú kó wọ́. Ó jókòó nílé rẹ̀, lórí àga ọkọ rẹ̀, ó ní kó lọ wádìí ohun tó kàn án. Bóyá kòkòrò ni.

Bàbá Onítáyà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Ọ̀gá, ẹ dìde lórí àga mi."

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹ dìde."

*

Yàrá ìgbìmọ̀ ní tábìlì gígùn kan, ìgò omi, fáànù tó ń yí láìfẹ́ atẹ́gùn, àti tẹlifíṣọ̀n ńlá kan lára ògiri. Obìnrin onígíláàsì kan ló jẹ́ alága. Wọ́n wo fíìmù ìkọlù náà títí, wọ́n dá a dúró, wọ́n dá a padà. Táyà kan táyà. Ọkọ̀ fò. Wọ́n wá ibi tí Pupa wà nínú rẹ̀, wọn kò rí i. Ọkọ̀ ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé. Ta ló fẹ́ ya ìyá tó gbé pátákó?

Abẹ́rẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ nínú símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń de egungun tó kán, ní òun rí Pupa. Agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó wà níwájú ni Pupa ṣe lóore, kí ló máa ṣe tí kò ní rí i? Àna Ọ̀gá ní òun kò rí nǹkan kan. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ kóòtù. Ó ń fi èékánná yọ èékánná.

Ó kan Ìyá Onípátákó.

"Ìyá," ni alága wí, "ẹgbẹ́ yín sọ fún wa pé pátákó pupa fò yín. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kò fò mí. Mo nà án."

"Awakọ̀ yìí ní òun kò rí i."

Ìyá Onípátákó ti pinnu nílé pé òun kò ní pariwo. Ó pariwo.

"Kò rí i? Pátákó tó tó ilẹ̀kùn, tó pupa bí iná, tí mo nà sí i lójú, tó kọjá, tó yípo, tí mo tún nà sí i lójú, kò rí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí wakọ̀ mọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú. Ojú ń dùn ún. Kò sọ fún wa. Lọ́jọ́ mìíì, ògiri ni kò ní rí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà sójú.

"Ọ̀rọ̀ Ìyá ní láárí," ni ó wí. "Awakọ̀ tí kò rí pátákó tó tóbi bẹ́ẹ̀ léwu fún gbogbo èèyàn lórí pápá. A lè gba láísẹ́ńsì rẹ̀ sílẹ̀ títí oníṣègùn ojú á fi yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ojú ta ni?" Àna Ọ̀gá ti dìde. "Ojú tèmi?"

"Jókòó," ni agbẹjọ́rò sọ fún un.

"Ojú mi kò fọ́! Kò sẹ́ni tó lajú tó mi nínú pápá yẹn! Mo rí i! Mo rí pátákó wọn, mo tiẹ̀ rí ọwọ́ wọn tó ń gbọ̀n lórí ẹ̀!"

"Ọwọ́ mi kò gbọ̀n," ni Ìyá Onípátákó wí.

Agbẹjọ́rò ti gbé orí lé ọwọ́. Àna Ọ̀gá wo yíká yàrá, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Wọ́n dá a dúró kúrò nínú eré ìje fún ìgbà pípẹ́. Pẹ̀lú ìyẹn, ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ parí. Ẹ ò mọ Ọ̀gá. Lẹ́nu ọ̀nà ìta, níwájú àwọn oníròyìn, ó fa kóòtù rẹ̀ gún. Ó ní òótọ́ ni pé Pupa jáde, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ bí gbogbo ayé ṣe gbọ́ ọ ni. Òun kò pàṣẹ rẹ̀. Ìyá yẹn kàn gbé e jáde láìsí ẹni tó rán an. Láti òní lọ, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ mọ́.

Lánàá, kò nà án. Lónìí, ó nà án, ṣùgbọ́n ta ló rán an? Irọ́ méjì tí kò lè gbé inú ilé kan náà, ẹnu kan ló ti jáde. Kò sì sí oníròyìn kan tó bi í bí ọ̀kan ṣe di èkejì.

*

Ìyá Onípátákó rò pé Abẹ́rẹ́ á wá dúpẹ́. Ọmọ náà wá. Ó jókòó, ó gba omi, kò mu ún.

"Ọwọ́ ńkọ́?" ni obìnrin náà bi í.

"Ó ń yún mi nínú símẹ́ǹtì."

Ó gbé ife omi náà kalẹ̀.

"Màmá, inú ń bí mi sí yín."

"Sí èmi?"

"Mo rí Pupa, mo dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bí n ò bá rí i ni, mi ò ní dẹ ẹ́. Bí n ò bá dẹ ẹ́, kò lè bá mi láéláé."

"Ṣé èmi ni mo kọlù ẹ́?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé kò ní kọlù mí."

Bàbá Onítáyà fẹ́ sọ̀rọ̀, obìnrin náà fi ojú dá a dúró.

"O mọ ẹni tó ní kí n gbé e," ni ó wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò tíì ti ẹnu ẹ̀ jáde. Títí á fi jáde, n ò ní gba pátákó kankan gbọ́ mọ́. Ti yín, ti ẹnikẹ́ni."

Nígbà tó lọ tán, obìnrin náà jókòó sí ibi tó ti jókòó. Iṣẹ́ tó bọ́ dùn ún. Irọ́ rédíò dùn ún. Ṣùgbọ́n èyí ló wọ egungun. Wọ́n ti gba ohun kan ṣoṣo tó ní, wọ́n sì ti bà á jẹ́ lójú ẹni tó ń lò ó. Inú bí i débi pé ó fọ gbogbo abọ́ ilé, ó tún wọn fọ̀.

*

Akọ̀wé Ọ̀gá ni wọ́n gbé pátákó lé lọ́wọ́. Ọmọ dáadáa, apá bí igi ìṣáná. Ọwọ́ Abẹ́rẹ́ ti san, ó ti padà sórí títì. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó wà ní ipò kejì, epo rẹ̀ sì ń tán lọ. Wọ́n na pátákó pé kó wọlé wá gba epo. Ó wò ó, ó kọjá. Wọ́n tún nà án. Ó wò ó, ó tún kọjá. Ọkọ̀ kú sí òdìkejì pápá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà, akoto lábẹ́ apá, bí ẹni tó lọ ra nǹkan tí kò rí i rà.

Ọ̀gá ti ń dúró dè é lẹ́nu gáráàjì.

"Ṣé o ò rí pátákó ni?"

"Mo rí i, sà. Mo rò pé ẹ máa sọ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí wọ́n gbé e."

Àwọn mẹkáníìkì kọjú sí ògiri. Èjìká wọn ń mì.

Ìgbà yẹn ló tó yé Ọ̀gá. Pátákó tí ọ̀gá lè sẹ́, pákó lásán ni. Awakọ̀ tí wọ́n gbà rọ́pò Àna Ọ̀gá pàápàá ti gbọ́ ìtàn náà, òun náà ń wakọ̀ bí ẹni tí kò ní ẹgbẹ́. Ó rán Sípánà sí Ìyá Onípátákó.

"Kó wá fúnra ẹ̀," ni ó ní kí Sípánà sọ.

Ọ̀gá wá. Lọ́tẹ̀ yìí, orí ìdúró ló wà ní pálọ̀. Ó ní kí obìnrin náà padà wá, ọ̀rọ̀ àná ti lọ.

"Kò lọ. Ẹ máa sọ ọ́."

"Mo ti ń sọ ọ́ fún yín nìsinsìnyí."

"Èmi wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Inú gáráàjì, níwájú gbogbo wọn. Àti níwájú àwọn tí ẹ purọ́ fún lẹ́nu ọ̀nà."

Ó gba Ọ̀gá ní àkókò. Ó lọ, ó ránṣẹ́, ó fi kún owó tó fẹ́ máa san. Obìnrin náà ń dá ìránṣẹ́ padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà. Abẹ́rẹ́ ń wakọ̀ kọjá pátákó. Nígbà tó yá, Ọ̀gá sọ ọ́.

Wọ́n dúró láàárín àwọn táyà. Oníròyìn méjì péré ló wá, ọ̀rọ̀ náà ti tutù létí wọn. Ọ̀gá wú ikọ́.

"Lọ́jọ́ ìjàǹbá yẹn, wọ́n pàṣẹ pé kí Pupa..."

"Ta ni 'wọ́n'?" ni Ìyá Onípátákó bi í.

Ọ̀gá wo ilẹ̀.

"Èmi. Èmi ni mo gbá a léjìká. Irọ́ ni mo pa."

"A ò gbọ́ o, Ọ̀gá," ni ẹnì kan ké lẹ́yìn. "Àwa tá a wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Ó tún un sọ. Abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ. Ó gbé akoto rẹ̀ láti apá òsì sí apá ọ̀tún. Sípánà gbé pátákó dúdú fún obìnrin náà, ó gbà á. Ó gbé Pupa fún un, kò gbà á.

"Ti Ọ̀gá nìyẹn," ni ó wí. "N ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbá mi léjìká mọ́. Bí ó bá ní àṣẹ, kó gbé e sókè fúnra ẹ̀, kí gbogbo ayé rí i."

*

Àna Ọ̀gá ti parí ìyà rẹ̀, ó ti padà. Oòrùn ń ràn. Abẹ́rẹ́ ló wà níwájú, Àna Ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sún mọ́ ara wọn bí aṣọ àti ìgbátí. Ìyípo tó kù kò pọ̀ mọ́. Ìyá Onípátákó na pátákó dúdú, ó gbé e wálẹ̀, ó ń to nọ́ńbà tó kàn.

Ọ̀gá wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra. Obìnrin náà yẹ èjìká rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí Pupa tó fara ti ògiri.

Ọ̀gá gbé e. Kò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ó gun orí àtẹ̀gùn símẹ́ǹtì, ó nà án sókè, atẹ́gùn ọkọ̀ gbá a, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó tún dúró. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Gbogbo ìjókòó òǹwòran ń wò ó. Kámẹ́rà kan yí sọ́dọ̀ rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kọjá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìka rẹ̀ tó yọ, ṣùgbọ́n ó yọ. Àna Ọ̀gá kọjá. Ìka rẹ̀ náà yọ, ní ìdajì, bí ẹni tí wọ́n fipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá bojú wẹ̀yìn, ó ń retí kí ẹnì kan wá bá òun gbà á. Ẹnu rẹ̀ ń sọ nǹkan. Ìyá Onípátákó fi ọwọ́ kan etí rẹ̀, ó mi orí pé òun kò gbọ́. Ó tẹ nọ́ńbà funfun bọ àyè rẹ̀, ó nu ìdọ̀tí kan kúrò lára rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ ti ń dún bọ̀ láti kọ́nà. Ọ̀gá ní láti tún na Pupa sókè.